Falilat Ògúnkọ̀yà, àti ọ̀rọ̀ tí a sọ tí Ọlọ́run kò rán wa

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ "Àmín" títí ẹ ó fi kà á dé ìsàlẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Àmín.

Ní 3 August 1996, Nàìjíríà na Argentina ní 3-2, a sì gba góòlù bọ́ọ̀lù ní ìdíje Olympics tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà kò lè gbàgbé ibi tó wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Pánṣẹ́kẹ́ ni àwa wà. Ẹ rántí pé ọdún yẹn le fún ará Abẹ́òkúta. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ọmọ wa wà ní àtìmọ́lé láti 1994, oṣù kẹfà ọdún 1996 yẹn gan-an ni wọ́n sì yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ l'Ékòó. Gbogbo ìlú ló ń dùn. Alẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń dì mọ́ ara wọn láàárín títì, tí ẹni tí kò mọ ẹnìkejì rí ń ra mínírà fún un. A jó títí ẹsẹ̀ fi wú.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà tí à ń jó ni pé eré mìíràn tún wà lọ́jọ́ kan náà yẹn. Àwọn obìnrin mẹ́rin tiwa dúró fún Nàìjíríà nínú 4x400 mítà ní Atlanta: Bísí Afọlábí, Fatima Yusuf, Charity Opara àti Falilat Ògúnkọ̀yà. Amẹ́ríkà ló gba góòlù, ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ńdì 20.91. Tiwa jẹ́ ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ńdì 21.04. Jámánì wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú 21.14. Ẹ yọ ọ́ wò fúnra yín. Ohun tó wà láàárín àwa àti góòlù kò tó ìdajì ìdajì sẹ́kọ́ńdì kan. Kí ẹ tó pe "Jésù" tán, ó ti kọjá. Falilat ló gba ọ̀pá ìkẹyìn, òun ló sáré wọlé.

Nítorí ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa la fi ń sọ ìtàn Falilat yìí. A máa dé ibẹ̀.

Ọmọ Òde-Lẹ́mọ ni Falilat, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọdún 1968 ni wọ́n bí i. A mọ̀ pé àwọn ará Rẹ́mọ ń kà wá, ẹ má bínú, a kò sọ pé Ẹ̀gbá ni. Ṣùgbọ́n téèyàn bá wọkọ̀ ní Abẹ́òkúta, tó gba Kóbapẹ́ àti Síun, tó já sí Ṣágámù, Òde-Lẹ́mọ kò jìnnà mọ́. Ọmọ ìpínlẹ̀ wa ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ bi wá pé ìjọ wo ni ẹni tó ń jẹ́ Falilat ń lọ, kó fi wá sílẹ̀. Ọlọ́run tó fún un lẹ́sẹ̀ kò kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́wọ́ pásítọ̀ kankan.

Ní 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje eré ìje àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́, ní Athens, nílẹ̀ Gíríìsì. Ọmọ ọdún 18 ni. Ó sá 200 mítà ní sẹ́kọ́ńdì 23.11, ó gba góòlù. Ẹ wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà: Mary Onyali tiwa ló ṣe ipò kejì, Katrin Krabbe láti Jámánì Ìlà-Oòrùn ló ṣe ìkẹta.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Krabbe lọ sí Tokyo ní 1991, ó gba góòlù àgbáyé ní 100 mítà, ó tún gba ti 200. Mary wà lára àwọn mẹ́rin tó gba ipò kẹta nínú 4x100 ní Olympics Barcelona ní 1992. Falilat ńkọ́? Ó ti dé Seoul ní 1988, kò mú àmì-ẹ̀yẹ kankan bọ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Athens, ẹni tó na àwọn méjèèjì kò tíì gun orí pèpéle Olympics lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tó bá jẹ́ pé ìjọ wa ló ń wá nígbà náà, a mọ àdúrà tí à bá gbà fún un. À bá pe ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta. À bá ní kó wá kúnlẹ̀ níwájú, kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i, kí a máa pariwo pé àwọn tí ó ṣíwájú kò ní ṣíwájú rẹ̀. À bá wá ẹni tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìyá àgbà kan ní abúlé tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ì bá sì ti di àjẹ́ lójú wa, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe.

Kò sí ẹni tó di Falilat mú. Eré mìíràn ló wà níwájú rẹ̀. Láti 200 ó bọ́ sí 400, ìyẹn odindi yíyí pápá ìṣeré lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti sá a rí yóò sọ fún yín pé 300 mítà àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ fi ń sáré. Ní 100 mítà tó kù, àfi bí ẹni ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ etí odò Ògùn. Ẹni tí eré kúkurú ti mọ́ lára gbọ́dọ̀ tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ní sùúrù, kó mọ ìgbà tí yóò tú agbára sílẹ̀ àti ìgbà tí yóò fi pamọ́. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ láàárín ọdún kan.

Ní 29 July 1996, ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn Athens, tó ti pé ẹni ọdún 28, ó dúró nínú ìparí 400 mítà ní Atlanta. Marie-José Pérec ará Faransé ló ṣe ipò kìíní, 48.25. Cathy Freeman ará Australia ṣe ìkejì, 48.63. Falilat ṣe ìkẹta, 49.10. Obìnrin Áfíríkà kankan kò tíì sá a báyẹn rí, ó sì ju ogún ọdún lọ tí orúkọ rẹ̀ fi wà lókè nínú ìwé àkọsílẹ̀ Áfíríkà. Fatima Yusuf náà wà nínú eré yẹn, ipò kẹfà ló ṣe. Mary Onyali gba tirẹ̀ náà ní 200 mítà ní Atlanta kan náà, ipò kẹta. Krabbe kò sí níbẹ̀ mọ́. Eré tirẹ̀ ti parí.

Ẹni tó ṣe ìkarùn-ún nínú 400 yẹn ni Jearl Miles ará Amẹ́ríkà. Falilat fi í sẹ́yìn dáadáa. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, Jearl Miles kan náà ló gba ọ̀pá ìkẹyìn fún Amẹ́ríkà nínú 4x400, Falilat gba tiwa, Jearl Miles sì kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí ẹ nà ní Monday lè kọjá yín ní Saturday, torí pé ní Saturday kì í ṣe ẹ̀yin méjì péré lẹ̀ ń sáré. Àwọn mẹ́ta ti sá ṣáájú kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ yín.

Falilat kò dúró síbẹ̀. Ní 1998, ó gba góòlù 200 àti 400 ti ilẹ̀ Áfíríkà ní Dakar, ó sì gba 400 ní World Cup ní Johannesburg. Ní Sydney ní 2000, tó ti pé ẹni ọdún 32, ó tún dé ìparí, ó ṣe ìkeje. Ka láti 1986. Ọdún mẹ́rìnlá ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tó ń sá 400 mítà. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ní ká kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ká má dárúkọ. Ìyá ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Àwọn kan nínú yín mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á mọ́ra. Òun ló máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tá a bá ń bọ̀ láti ìṣọ́ òru, tá a máa ń pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà Kútọ̀ pẹ̀lú bàtà eré tí wọ́n ti lẹ̀ ní gọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mẹta.

Lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun, nígbà tí 2024 ń jáde, àwa méjèèjì tí Olúwa fi ṣọ́ agbo yìí dúró lórí pẹpẹ. Gbogbo yín mọ̀ pé Gateway Games ń bọ̀ sí Abẹ́òkúta nínú oṣù karùn-ún. Orin ti gbóná, ìlù ti gbóná, a pè é síwájú. A sọ pé, "Báyìí ni Olúwa wí: góòlù ni, kì í ṣe sílífà, ní ilé wa níbí." Gbogbo ìjọ fò sókè. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣe aṣọ funfun, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sí i láyà. Owó la fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará. Olúwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlù ló ru wá sókè. Ó wù wá pé kó rí bẹ́ẹ̀, a sì fi orúkọ Ọlọ́run lé e lórí. A ti yẹ ara wa wò lórí eékún láti oṣù kẹfà, a kò rí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ yìí wá bá wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ̀yìn itan ń dùn mí. Tí mo bá ti fẹ́ sáré gidi, ó máa ń fà mí. Kóòṣì ní kí n sinmi." Ẹ mọ ohun tí a dá a lóhùn? A ní kó má fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. A ní ọ̀tá ló ń dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò. A ta òróró sí itan rẹ̀, a ní kó máa lọ. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé, mà." Ó dìde, ó sì ń rọra gbé ẹsẹ̀ yẹn bó ṣe ń jáde. A rí i. A rí i dáadáa.

Ọjọ́ tó sáré, a wà ní pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá ní Kútọ̀. A tó ogójì tó wọ aṣọ funfun yẹn. Ó gbéra dáadáa. Ó yí kọ́nà àkọ́kọ́, ó gba ọ̀nà tààrà tó wà lódì kejì, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti ń lu agogo. Bó ṣe fẹ́ wọ kọ́nà kejì, ó gbá itan mú bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún. Ó tiro, ó jókòó sílẹ̀. Àwọn tó kù kọjá lára rẹ̀ lọ. Agogo dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, kò wo apá ibi tí a wà rárá.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan dìde nígbà ẹ̀rí, ó ní ìlérí Ọlọ́run kì í yẹ̀, àfi tí ẹni tí wọ́n ṣe é fún bá ń ṣiyèméjì. Gbogbo ojú yíjú sí ibi tí ọmọ yẹn jókòó sí pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. A wà lórí àga wa níwájú. A kò sọ nǹkan kan. Nínú gbogbo rẹ̀, ìdákẹ́ yẹn ló ń dùn wá jù. Kò wá sí ìjọ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ ló wá. Kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó kọ̀, kò jókòó. Ó ní, "Dádì, ọmọ mi sọ fún yín pé ẹsẹ̀ ń dun òun." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ nìyẹn. Ó padà sí Ìtòkú.

Lẹ́yìn tó lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn fídíò eré àtijọ́ lórí fóònù. A kò mọ ohun tí à ń wá, bóyá à ń wá ohun tí a ó fi dá ara wa láre. Ibẹ̀ la ti rí eré obìnrin mẹ́rin yẹn tí a kò rí lọ́jọ́ tí à ń jó ní Pánṣẹ́kẹ́. A wò ó tó ìgbà mẹ́wàá. Kì í ṣe ibi ìparí ló mú wa lọ́kàn, ibi tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú 4x100, ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá kì í wẹ̀yìn. Tó bá ti rí i pé ẹnìkejì dé ibi àmì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ, yóò na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹni tó ń bọ̀ ni yóò wá ọwọ́ yẹn rí. Ó yá kánkán, torí pé ẹni tó ń bọ̀ ṣì lágbára. 4x400 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ti sá odindi pápá kan, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, apá rẹ̀ ti le, òmíràn kò tiẹ̀ ríran dáadáa mọ́. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ yíjú sẹ́yìn. Yóò wo ojú ẹni tó ń bọ̀, yóò wo bí agbára rẹ̀ ṣe kù sí, ìyẹn ni yóò fi mọ bí òun yóò ṣe yára gbéra tó. Tó bá yára jù, ọ̀pá á bọ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń sinmi ni láti wo ẹni tó ti rẹ̀. Falilat yíjú sẹ́yìn, ó wo Charity títí tó fi gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó kọjú sí iwájú.

Ọmọ tiwa ń bọ̀ pẹ̀lú itan tó ń fà á, àwa kọ̀ láti wẹ̀yìn. A kọjú síwájú, a na ọwọ́ sẹ́yìn, góòlù là ń dúró dè.

Góòlù yẹn gan-an, kí ni a tiẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ tí a fi ń sọ tẹ́lẹ̀? Ní Sydney ní 2000, àwọn ọkùnrin wa ṣe ìkejì nínú 4x400 lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Sunday Bada wà lára wọn. Ní 2008, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Ọdún 2012 ni wọ́n tó sọ pé Nàìjíríà ló ni góòlù. Sunday Bada ti kú ní December 2011. Ẹ tún wo Birmingham ní 2022: Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ìpínlẹ̀ wa níbí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 12.12 gba ipò àgbáyé nínú eré tó ń fo igi ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn gba góòlù 4x100 ní ìdíje Commonwealth. Wọ́n jó, wọ́n kọrin orílẹ̀-èdè. Nígbà tó yá, wọ́n gba góòlù náà padà, torí pé àyẹ̀wò oògùn ẹnì kan nínú wọn kò mọ́. Èwo nínú wòlíì wa ló rí ọ̀kan nínú méjèèjì yìí? Ẹni tó gba sílífà ló ni góòlù, kò sì mọ̀ títí tó fi kú. Ẹni tó gba góòlù kò ní i mọ́. Àwa sì wà lórí pẹpẹ ní Abẹ́òkúta, à ń fi orúkọ Olúwa pín góòlù kiri bí ẹni ń pín búrẹ́dì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwa méjèèjì lọ sí ilé wọn. A kò mú ẹ̀bùn lọ, kó má baà dà bíi pé a wá ra ẹnu wọn. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Àwọn ará ilé fẹ́ gbé wa dìde, a ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀. A sọ fún ọmọ náà pé ọ̀rọ̀ àìsùn ọdún tuntun yẹn, àwa la sọ ọ́, kì í ṣe Ọlọ́run. A ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún, ó sì sọ fún wa. A ní gbogbo owó tí dókítà àti àwọn tó ń tọ́jú iṣan rẹ̀ bá ní kó san, ìjọ ni yóò san án. Kì í ṣe àánú, gbèsè ni.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan nípa ẹsẹ̀ mi mọ́." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín.

A bi í bóyá yóò tún sáré. Ó ní dókítà ní kí òun kọ́kọ́ rìn. Nítorí náà ó ń rìn, láràárọ̀, láti ilé wọn dé Kútọ̀ àti àbọ̀. Tí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ kí i ní ẹ kú àárọ̀. Ẹ má bi í léèrè ìgbà tó ń padà sí ìjọ, ẹ má sì gbà á ládùúrà lójú títì.

Ẹni tó jẹ́rìí lọ́jọ́ Sunday yẹn ti gbọ́ tiwa, yóò lọ rí wọn fúnra rẹ̀. Láti òní lọ, kò sí ẹni tí yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú ìjọ wa láti sọ "Báyìí ni Olúwa wí" nípa ìdánwò, físà, oyún tàbí eré ẹnikẹ́ni. Ó kan àwa náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí aṣọ funfun yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́ wá sí ìjọ mọ́. Ẹ kó o wá sí ọ́fíìsì kí ìsìn Wednesday tó bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la ó ti wà níbẹ̀.